Kí ni ó ń ṣí tRNA nípò nínú ríbósóòmù, tí kíka lẹ́tà mRNA kì í fi í ṣìnà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka orí ìwé tí ó sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe purotéènì, mo sì ti mọ àwọn orúkọ inú rẹ̀ sórí: ríbósóòmù, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ń ṣe purotéènì, ní apá kékeré àti apá ńlá, mRNA tí ó ru àṣẹ jíìnì ń gba inú rẹ̀ kọjá, tRNA tí ó ń gbé amínò ásíìdì (ohun tí a fi ń kọ́ purotéènì) wá ń wọ ibùdó A, ó ń bọ́ sí ibùdó P, ó sì ń gba ibùdó E jáde. Ìrìn náà gan-an ni kò yé mi. Nínú àwòrán, ọfà kan ni wọ́n fà láti A sí P, wọ́n sì fa òmíràn láti P sí E, bí ẹni pé ńṣe ni tRNA kàn fò láti orí àga kan sí orí èkejì. Ṣùgbọ́n tRNA tí ó wà ní ibùdó A di nǹkan méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà: ìsàlẹ̀ rẹ̀ di kódọ́ọ̀nù, ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta lórí mRNA, mú, òkè rẹ̀ sì ru gbogbo ẹ̀wọ̀n amínò ásíìdì tí wọ́n ti so pọ̀ títí di àkókò náà. Bí ó bá jáwọ́ nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Báwo ni ó ṣe ń rìn nígbà náà, ta ni ó sì ń tì í? Kí ló dé tí mRNA fi ń ṣí ní lẹ́tà mẹ́ta gẹ́lẹ́, tí kì í ṣe méjì tàbí mẹ́rin? Olùkọ́ wa sọ pé purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní EF-G ni ó ń tì í àti pé GTP, mólékù kékeré tí ó ń tú agbára jáde bí ó bá fọ́, ni ó ń fún EF-G lágbára, ó sì kọjá lọ sí ẹ̀kọ́ mìíràn. N kò sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Òṣìṣẹ́ Yàrá Ìwádìí

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di yín mú yẹn náà ni ó ti di àwọn onímọ̀ mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ má rò pé ìwé ni ẹ kò kà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara tRNA fúnra rẹ̀. Núkílíótáìdì (ìyẹn lẹ́tà RNA) bíi 76 ni ó para pọ̀ di ọ̀kan, ó sì ká ara rẹ̀ jọ bí lẹ́tà L. Àǹtíkódọ́ọ̀nù, ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta tí ó ń bá kódọ́ọ̀nù so pọ̀, wà ní ṣóńṣó apá kan lára L náà. Ní ṣóńṣó kejì ni lẹ́tà mẹ́ta CCA wà, ibẹ̀ sì ni amínò ásíìdì máa ń so mọ́. Àárín ṣóńṣó méjèèjì tó nǹkan bíi nánómítà 7.5. Nígbà tí tRNA bá wọ inú ríbósóòmù, ó máa ń dúró bí afárá láàárín apá méjèèjì: àǹtíkódọ́ọ̀nù wà nínú apá kékeré, níbi tí wọ́n ti ń ka mRNA, CCA sì wà nínú apá ńlá, níbi tí wọ́n ti ń so amínò ásíìdì pọ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé nígbà tí ìwé bá kọ "ibùdó A", ibùdó méjì ni ó ń fi orúkọ kan pè. Ibùdó A kan wà nínú apá kékeré, òmíràn wà nínú apá ńlá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni P àti E rí. Ọfà kan ṣoṣo inú àwòrán yẹn ni ó bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí purotéènì EF-Tu bá ti gbé tRNA tuntun wá sí A, tí kódọ́ọ̀nù àti àǹtíkódọ́ọ̀nù sì ti bá ara wọn mu. Ẹ̀wọ̀n amínò ásíìdì máa ń fi tRNA tí ó wà ní P sílẹ̀, á sì so mọ́ amínò ásíìdì tí ó wà lórí tRNA ti A. RNA inú apá ńlá fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ìsopọ̀ yìí. Àwòrán kíníkíní tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000 kò rí purotéènì kankan ní ojú ibi tí ìsopọ̀ ti ń wáyé. Láti ìgbà náà, tRNA ti P ti di òfìfo. Ibùdó E inú apá ńlá kì í sì í gba òkè tRNA tí nǹkan ṣì wà lórí rẹ̀, òfìfo nìkan ni ó ń gbà, nígbà tí ibùdó P inú apá ńlá fẹ́ràn òkè tRNA tí ó ru ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, bí ẹ̀wọ̀n bá ti ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì, òkè tRNA méjèèjì ti rí ibi tí ó bá wọn lára mu ju ibi tí wọ́n wà lọ. Wọ́n á ṣí síbẹ̀: òkè tRNA tí ó ru ẹ̀wọ̀n á lọ sí P, òkè òfìfo á lọ sí E. Ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì kò tíì kúrò lórí kódọ́ọ̀nù wọn rárá.

Ipò àmúlùmálà ni mo máa ń pe èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń ràn lọ́wọ́. A máa ń kọ ọ́ ní A/P àti P/E: lẹ́tà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ibi tí ìsàlẹ̀ tRNA wà nínú apá kékeré, ìkejì ń tọ́ka sí ibi tí òkè rẹ̀ wà nínú apá ńlá. Danesh Moazed àti Harry Noller ni wọ́n fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọdún 1989, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Mark Bretscher ti dá irú àbá bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1968, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó rí inú ríbósóòmù ní kedere. Mo bọ̀wọ̀ púpọ̀ fún ẹni tí ó lè ronú dé ibi tí ojú kò tíì tó.

Ìdáhùn sí apá àkọ́kọ́ ìbéèrè yín nìyẹn. Ìrìn agẹmọ ni tRNA ń rìn: ṣóńṣó kan kì í kúrò níbi tí ó wà àfi tí èkejì bá ti fìdí múlẹ̀. Bí òkè ṣe ń ṣí, apá kékeré náà máa ń yí díẹ̀ lórí apá ńlá, ní nǹkan bíi dígírì 6, gẹ́gẹ́ bí Joachim Frank àti Rajendra Agrawal ṣe fi hàn ní ọdún 2000. Yíyí yìí kò nílò EF-G. Ooru tí ó wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì, tí ó ń mú kí gbogbo mólékù máa gbọ̀n láìsinmi, tó láti yí i lọ kí ó sì tún yí i padà, bẹ́ẹ̀ ni ríbósóòmù sì ń ṣe, lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí EF-G yóò fi dé.

Ìdajì kejì ni ó le jù, nítorí pé ìsàlẹ̀ tRNA ni ó kàn báyìí, mRNA sì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Apá kékeré ní ibi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní orí, ó ní ọrùn, ó sì ní ara. Láàárín ibùdó P àti ibùdó E níbẹ̀, àwọn núkílíótáìdì kan láti orí àti láti ara yọ síta sí ara wọn bí ìlẹ̀kùn tí a pa dé, àyè tí ó kù kò sì gba tRNA láti kọjá. Nígbà tí EF-G tí ó gbé GTP bá dé, orí apá kékeré á yí lórí ọrùn rẹ̀, yíyí yìí sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó lè tó nǹkan bíi dígírì 20. Ìlẹ̀kùn á ṣí. Ìsàlẹ̀ tRNA méjèèjì àti mRNA tí wọ́n dì mú á bá orí náà lọ. Lẹ́yìn náà, orí á padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n tRNA àti mRNA kò ní bá a padà mọ́.

Ní ti lẹ́tà mẹ́ta, ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí èmi náà ń kọ́ ọ ni pé kò sí ohun tí ó ń ka mRNA kí ó tó fà á. tRNA ni ó ń wọ́ mRNA lọ, nítorí pé kódọ́ọ̀nù àti àǹtíkódọ́ọ̀nù ṣì so pọ̀ ní gbogbo àkókò ìrìn náà. Kódọ́ọ̀nù tí ó wà ní A àti èyí tí ó wà ní P fara kan ara wọn, kò sí lẹ́tà kankan láàárín wọn. Bí tRNA ti A bá wá jókòó síbi tí ti P ti kúrò, mRNA tí ó dì mú kò lè ṣí ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, kò sì lè dín sí mẹ́ta.

Olùkọ́ Àgbà

Òṣìṣẹ́ Yàrá Ìwádìí ti ṣàlàyé dáadáa. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ọmọ wa, nítorí ọ̀rọ̀ "títì" tí ó wà nínú ìbéèrè rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, bí ó bá jẹ́ pé EF-G nìkan ni ó ń ti tRNA, tRNA kò ní lè rìn rárá níbi tí kò bá ti sí EF-G. Ṣùgbọ́n ó ń rìn. Láàárín ọdún 1968 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Sidney Pestka ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà Lidia Gavrilova àti Alexander Spirin ní Rọ́ṣíà, fi hàn pé ríbósóòmù bakitéríà lè máa ka mRNA kí ó sì máa ṣí síwájú láìsí EF-G àti láìsí GTP, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń falẹ̀ gan-an. Ohun tí ó tún yà mí lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èyí tí wọ́n rí ní ọdún 2006: bí a bá pèsè ríbósóòmù tí tRNA ti wà ní ipò P àti E, tí kò sì sí EF-G níbẹ̀, àwọn tRNA kan á padà sẹ́yìn, láti P lọ sí A àti láti E lọ sí P, mRNA á sì bá wọn padà. Ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ EF-G ni dídènà àpadàsẹ́yìn. Apá kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní apá kẹrin, ó gùn, ó sì ní ṣóńṣó. Bí ìsàlẹ̀ tRNA bá ti kúrò ní ibùdó A nínú apá kékeré, apá kẹrin yìí á wọ ibẹ̀ á sì gba àyè náà, tRNA kò sì ní lè padà síbi tí ẹlòmíràn ti jókòó. Ní ọdún 1995, nígbà tí wọ́n rí àwòrán EF-Tu pẹ̀lú tRNA tí ó gbé, wọ́n ṣàkíyèsí pé EF-G nìkan ṣoṣo jọ EF-Tu àti tRNA lápapọ̀, apá kẹrin rẹ̀ sì ni ó dúró ní ipò tí àǹtíkódọ́ọ̀nù tRNA ì bá wà. Purotéènì kan mú ìrísí tRNA kí ó lè gba ibùdó tRNA. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á ni n kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ní ti GTP, olùkọ́ yín kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí ó ṣe sọ ọ́ lọ. Marina Rodnina àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 1997 pé GTP máa ń fọ́ kí ìrìn tó wáyé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò, àti pé bí wọ́n bá lo ohun tí ó jọ GTP ṣùgbọ́n tí kò ṣeé fọ́, tRNA ṣì ń rìn, àmọ́ ó lọ́ra púpọ̀, ó sì ṣòro fún EF-G láti kúrò lórí ríbósóòmù lẹ́yìn náà. Bí agbára GTP bá ń ti tRNA tààrà, tàbí bí ó bá kàn ń tú ríbósóòmù sílẹ̀ kí ooru fúnra rẹ̀ lè gbé tRNA lọ, àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Èmi fara mọ́ ti ìkejì, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tí ó di ti àkọ́kọ́ mú jà.

Apòògùn

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ díẹ̀ láti ìhà tèmi, nítorí pé oògùn ni ó jẹ́ kí n mọ àwọn ìpele tí ẹ̀yin méjèèjì ṣàlàyé. Olúkúlùkù oògùn tí mo fẹ́ dárúkọ ń dúró ní ibi kan pàtó lójú ọ̀nà tRNA. Spectinomycin máa ń wọ ẹ̀bá ọrùn apá kékeré nínú bakitéríà, kì í sì í jẹ́ kí orí yí bí ó ti yẹ. Fusidic acid máa ń jẹ́ kí GTP fọ́ ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí EF-G kúrò lórí ríbósóòmù lẹ́yìn rẹ̀, ríbósóòmù náà á sì di ohun tí kò lè gba tRNA tuntun mọ́. Cycloheximide kì í ṣiṣẹ́ lórí bakitéríà. Ríbósóòmù ti àwọn ẹ̀dá bíi tiwa ni ó ń bá jà, ó máa ń jókòó sí ibùdó E inú apá ńlá, òkè tRNA òfìfo kò sì ní rí àyè wọ ibẹ̀.

Èyí tí ó burú jù nínú wọn kì í ṣe oògùn. Nínú ara ènìyàn, eEF2 ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí EF-G ń ṣe nínú bakitéríà, amínò ásíìdì kan tí a tún ṣe lọ́nà àrà ọ̀tọ̀ sì wà ní ṣóńṣó apá kẹrin rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ diphthamide. Májèlé tí kòkòrò diphtheria ń tú jáde máa ń lẹ nǹkan kan mọ́ diphthamide yìí gan-an, eEF2 á sì di aláìlágbára. Sẹ́ẹ̀lì tí kò lè ṣí tRNA nípò mọ́ kò lè ṣe purotéènì, ikú ni yóò sì kángun sí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni ìwúlò mímọ apá kẹrin EF-G, ẹ rántí èyí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì

Ẹ ṣeun gidigidi. N kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò fara balẹ̀ tó báyìí láti dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe yé mi, kí ẹ lè tọ́ mi sọ́nà bí mo bá ṣìnà: lẹ́yìn tí ẹ̀wọ̀n bá ti bọ́ sórí tRNA ti A, òkè tRNA méjèèjì ń ṣí nínú apá ńlá, apá kékeré sì ń yí, lẹ́yìn náà EF-G ń dé, orí apá kékeré ń yí, ìsàlẹ̀ ń ṣí pẹ̀lú mRNA, apá kẹrin EF-G ń dínà ẹ̀yìn, orí sì ń padà.

Ó ku méjì tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé tRNA tí ó dé E máa ń dúró níbẹ̀ títí tRNA tuntun yóò fi wọ A ni? Èkejì, ẹ sọ pé ìsopọ̀ kódọ́ọ̀nù àti àǹtíkódọ́ọ̀nù ni kò jẹ́ kí kíkà ṣìnà. Bí ìsopọ̀ náà bá já nígbà tí orí ń yí ńkọ́?

Òṣìṣẹ́ Yàrá Ìwádìí

Ó ti yé yín dáadáa.

Ní ti E, Knud Nierhaus àti Hans-Jörg Rheinberger ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní ọdún 1981 pé ibùdó náà wà. A àti P nìkan ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣáájú ìgbà náà. Nierhaus di èrò kan mú títí, pé bí tRNA tuntun bá wọ A ni ti E tó ń jáde. Àwọn mìíràn rí i nínú ìwádìí tiwọn pé ó lè jáde fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí èrò méjèèjì nínú ìwé, ẹ má jẹ́ kí ó rú yín lójú.

Ìbéèrè kejì yín ni mo fẹ́ràn jù. Àkókò tí orí ń yí ni ó léwu jù lóòótọ́, nítorí pé ọwọ́ tí ríbósóòmù fi di tRNA mú máa ń tú díẹ̀ nígbà náà. Apá kẹrin EF-G ní iṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú: ṣóńṣó rẹ̀ máa ń fara kan ibi tí kódọ́ọ̀nù àti àǹtíkódọ́ọ̀nù ti so pọ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí sì pààrọ̀ amínò ásíìdì ní ṣóńṣó yìí, àṣìkà pọ̀ sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe dídínà ẹ̀yìn nìkan; ó tún ń di ìsopọ̀ náà mú kí ó má baà yẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn kòkòrò àrùn kan ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń lo àkókò ewu yìí fún àǹfààní ara wọn. Nínú mRNA HIV, ibì kan wà tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ UUUUUUA, RNA tí ó ká jọ bí kókó sì wà níwájú rẹ̀ tí ó ń dá ríbósóòmù dúró. Bí tRNA bá yọ̀ padà sẹ́yìn ní lẹ́tà kan níbẹ̀, lẹ́tà tí yóò bá pàdé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí ó fi sílẹ̀, ìsopọ̀ á tún múlẹ̀, kíkà á sì máa lọ ní ọ̀nà mìíràn. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ríbósóòmù tí ó kọjá níbẹ̀ ni ó ń yọ̀, ìwọ̀nba yẹn gan-an sì ni kòkòrò náà nílò láti ṣe àwọn énsáìmù rẹ̀. Àwọn kòrónáfáírọ́ọ̀sì náà ní irú ibi bẹ́ẹ̀, UUUAAAC ni tiwọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì

Mo ti pa àwòrán mi àtijọ́ rẹ́. Ìlà ibùdó méjì ni mo yà báyìí, ti apá ńlá lókè, ti apá kékeré nísàlẹ̀, mo sì fi ìgbésẹ̀ òkè ṣáájú ti ìsàlẹ̀. Láti A ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọfà tRNA kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ Àgbà

Ó dára, ṣùgbọ́n yọ tRNA àkọ́kọ́ kúrò nínú wọn. Èyí tí ó ń gbé amínò ásíìdì ìbẹ̀rẹ̀ wá kì í dé A rárá. Ibùdó P tààrà ni ó ń wọ̀, nígbà tí apá ńlá kò tíì wá darapọ̀ mọ́ apá kékeré. Nítorí náà, ọfà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti P, ibùdó E sì ṣófo títí òun yóò fi dé ibẹ̀.